Géèmù tí Kì í Ka Ọmọ

Ìyá mi fún mi ní àkókò títí di Àjíǹde. Ó ní bí mo bá lè fi kọ̀ǹpútà yẹn ṣe nǹkan kan, ẹyọ kan péré, tí òun lè mú lọ́wọ́ kí òun sì mọ ohun tó wà fún, òun á fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Bí n kò bá sì rí i ṣe, kí n pa á dé, kí n wá gba ṣọ́ọ̀bù wa ní ọjà Gbossimé. Iwájú ilé wa ní àdúgbò Attiégou ní Lomé ló ti sọ ọ́. Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, kò gbójú sókè. Bí ìyá mi bá ń sọ̀rọ̀ láìgbójú sókè, ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nínú rẹ̀ nìyẹn, kò sí ẹni tó lè bá a dúnàádúrà rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yà ara alùpùpù là ń tà ní ṣọ́ọ̀bù náà: ṣéènì, bíréèkì, búùjì tó ń ṣáná sí ẹ́ńjìnnì, rọ́bà inú táyà, gbogbo ohun tí àwọn ọlọ́kadà tí Lomé ń pè ní zem máa ń sáré wá rà nígbà tí alùpùpù bá dákú mọ́ wọn lọ́wọ́. Bàbá mi ló dá a sílẹ̀ nígbà tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé. Nígbà tí bàbá mi kú, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbà á, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe, àfi ìgbà tó dédé ní òun ń lọ ra ọjà ní Kọ̀tọ́nù. Kọ̀tọ́nù ọ̀hún, ọ̀nà aṣálẹ̀ ló já sí. Ó pè wá láti ìlú kan nílẹ̀ Niger, ó ní kí a má bínú. Ó tún pè láti Líbíà, ó ní òun ti ń sún mọ́ òkun. Láti ìgbà náà, a ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. A ò gbọ́ pé ó kú, a ò gbọ́ pé ó yè. Ìyá mi ló wá ń dá ṣọ́ọ̀bù náà ṣe, orúnkún sì ń dùn ún. Àwọn àbúrò mi ṣì wà níléèwé, nítorí náà èmi ni ojú gbogbo ẹbí ń wò.

Akọ̀wé ni mí tẹ́lẹ̀. Ilé iṣẹ́ tí mo wà kógbá sílé, kọ̀ǹpútà ògbólógbòó kan sì ni mo gbé bọ̀ níbẹ̀. Bí géèmù ṣe wọ ọ̀rọ̀ mi, mi ò lè ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa títí dòní. Mo ń wo àwọn àbúrò mi tí wọ́n ń fi fóònù ṣeré lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo wá bi wọ́n pé ta ló ń ṣe nǹkan wọ̀nyí. Wọ́n ní ènìyàn ni. Mo ní irú ènìyàn wo? Wọ́n ní ẹnikẹ́ni tó bá ti kọ́ ọ. Ó yà mí lẹ́nu gan-an. Mo ti rò pé ilé iṣẹ́ ńlá kan níbì kan ló ń rọ ọ́ jáde, bí wọ́n ṣe ń rọ táyà. Láti ọjọ́ náà ni nǹkan ọ̀hún ti wọ̀ mí lára, tí kò sì kúrò.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ aṣọ rírán á lọ bá ọ̀gá, á kúnlẹ̀, ọ̀gá á gbà á, á sì gbé ìgbálẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ó kéré tán, o mọ ibi tí wàá ti bẹ̀rẹ̀. Nínú iṣẹ́ géèmù, ọ̀gá pọ̀ ju ọmọ iṣẹ́ lọ, inú fídíò sì ni gbogbo wọn wà. Ọ̀kan ní kí n gbé sọ́fítíwíà ńlá kan sórí kọ̀ǹpútà, pé òun làwọn akọni ń lò. Èkejì ní olùbẹ̀rẹ̀ tó bá gbé ìyẹn sórí kọ̀ǹpútà ń fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣòfò ni. Òmíràn ní kí n má gbé nǹkan kan, kí n kọ́kọ́ lọ kọ́ bí a ṣe ń kọ kóòdù, kí n padà wá tí mo bá mọ̀ ọ́n. Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn ní ó rọrùn. Mo máa ń bínú sí ẹ̀rín yẹn ju iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ lọ.

Mo gbé èyí tó tóbi náà sórí kọ̀ǹpútà, nítorí pé ojú ń tì mí láti lo ohun tó jọ ti ọmọdé. Kọ̀ǹpútà mi bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle bí arúgbó tó gun òkè, ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ní láti gbé e lé orí àwo irin. Àwọn tó ń ṣàlàyé lédè Gẹ̀ẹ́sì ń sáré ju etí mi lọ. Gẹ̀ẹ́sì tèmi, Gẹ̀ẹ́sì ọjà àti ti ilé ìwé ọjọ́ ìsinmi ni, èyí táwọn òbí mi gbé wá. Mo wá ẹni tó ń sọ Faransé. Ọkùnrin náà farabalẹ̀, ohùn rẹ̀ dùn, ó ní kí n tẹ bọ́tìnnì tó wà lókè lápá ọ̀tún. Mo wo òkè lápá ọ̀tún. Kò sí bọ́tìnnì kankan. Mo dá fídíò náà padà, mo tún gbọ́ ọ, mo sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà bí ẹni pé bọ́tìnnì náà kéré ni. Kò sí níbẹ̀. Mo rò pé ayédèrú ni wọ́n fún mi. Mo pa sọ́fítíwíà náà rẹ́, mo tún un gbé láti ìbẹ̀rẹ̀, mẹ́gà íńtánẹ́ẹ̀tì tí mo rà sórí fóònù mi tán sídìí rẹ̀, síbẹ̀ kò sí bọ́tìnnì. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Ìyá mi gba ẹ̀yìn mi kọjá, ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó wo ojú mi, ó ní, "Ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ," ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ẹni tó yọ mí ni olùkọ́ ìṣirò kan tó ń bá wa ṣe ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì Yorùbá wa. Ọmọ àwọn Ifẹ̀ tó wà ní apá Atakpamé, ní Tógò níbí, ni. Yorùbá tirẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa díẹ̀, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ìsìn wa nítorí pé ó ní orin wa ń jọ ti ìyá rẹ̀ àgbà. Bí gbogbo ènìyàn ṣe ń pè é ní Prof lèmi náà ń pè é. Lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ ìsinmi kan, mo ń ráhùn nípa bọ́tìnnì mi fún ẹnikẹ́ni tó bá dúró gbọ́, ó sì súnmọ́ mi.

"Bonjour, ma sœur," ló wí. "Version tìẹ kọ́ ni version ọkùnrin inú fídíò rẹ. Ọkùnrin yẹn ti pẹ́ tó ti ṣe fídíò ọ̀hún. Wọ́n ti tún sọ́fítíwíà náà ṣe lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì ti gbé bọ́tìnnì lọ síbòmíràn."

"Wọ́n gbé e lọ? Láìsọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Wọ́n sọ. Inú ìwé ìlò ni wọ́n sọ ọ́ sí."

Mo mọ ìwé ìlò yẹn. Ó wà lórí ìkànnì sọ́fítíwíà náà, ó gùn ju Bíbélì lọ, mo sì ti ṣí i lẹ́ẹ̀kan, mo tì í padà kíá. Prof ní kí n fi í sílẹ̀ ná. Ó ní kí n mú ọ̀gá kan ṣoṣo nínú gbogbo àwọn ọ̀gá mi, kí n sì mú sọ́fítíwíà kékeré tí òun fi ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì òun. Nínú ìyẹn, wọn kì í kọ kóòdù. Búlọ́ọ̀kù aláràbarà ni wọ́n ń so mọ́ra lójú kọ̀ǹpútà, búlọ́ọ̀kù kan ní kí ènìyàn inú géèmù rìn, èkejì ní kó dúró tó bá kan ògiri. Mo béèrè pé ọmọ ọdún mélòó ló ń lò ó. Ó ní kí n má bi òun. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, mo sì lọ gbé e.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nínú rẹ̀, ìràwọ̀ kíkó jọ ni. Ènìyàn kékeré kan á máa sá kiri, bó bá ti fara kan ìràwọ̀, ìràwọ̀ á pòórá, nọ́ńbà tó wà ní igun òkè á sì fi ọ̀kan lé sí i. Bí ìràwọ̀ bá tán, eré parí. Mo ṣe é, ó sì ṣiṣẹ́. Mo fò sókè nínú yàrá mi. Mi ò rò pé inú mi ti dùn tó bẹ́ẹ̀ rí nítorí ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè jẹ. Mo gbé e lọ bá ìyá mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ó wò ó dáadáa. "Àwọn ìràwọ̀ yìí, kí ló fẹ́ fi wọ́n ṣe?"

"Ó ń kó wọn jọ ni, Màámi."

"Mo rí i. Kí ló fẹ́ fi wọ́n ṣe?"

Mi ò mọ̀. Kò sí ìkankan nínú gbogbo ọ̀gá mi tó sọ ohun tí wọ́n ń fi ìràwọ̀ ṣe. Mo padà sínú yàrá, mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, mo sì ń bi ara mi léèrè pé kí ni ènìyàn lè máa kó jọ tí ìyá mi ò ní béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Òjò àkọ́rọ̀ ló dá mi lóhùn. Ojú ọ̀run ṣú lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo sì gbọ́ ohùn ìyá mi lẹ́yìn ilé tó ń pe àwọn àbúrò mi wọlé, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ohùn tirẹ̀, bó ṣe máa ń pe gbogbo wa nígbà tí a kéré. Mo ní ó tán. Ọmọ ni. Màmá kan wà nínú àgbàlá, òjò ń bọ̀, àwọn ọmọ ti fọ́n ká, kó pè wọ́n wọlé kí òjò tó dé. Kò sí ohun tuntun tí mo ní láti kọ́. Ibi tí ìràwọ̀ wà, n ó fi ọmọ sí i.

Prof ní kí n má yàwòrán fúnra mi lákọ̀ọ́kọ́, pé ìkànnì wà tí wọ́n ti ń fi àwòrán tọrẹ fún àwọn olùbẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni, ó wà, ó sì pọ̀. Ilé tí wọ́n fún mi ní ihò èéfín lórí òrùlé, yìnyín sì bo gbogbo ilẹ̀. Àwọn ọmọ náà pupa bí iyùn, irun wọn dà bí àgbàdo. Mo wá ìyá tó ró ìró nínú gbogbo rẹ̀ títí ojú mi fi ń ta, ayaba àti àjẹ́ nìkan ni mo rí. Mo wá fi irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ kan tó ń kun onígun mẹ́rin kéékèèké ya tèmi. Màmá mi inú géèmù dà bí àpótí tí wọ́n so gèlè mọ́ lórí, àmọ́ a mọ̀ pé ìyá ni. Ohùn òjò, mo fi fóònù gbà á lábẹ́ páànù ilé wa. Iye àwọn ọmọ tí mo yà, ẹ má bi mí.

Mo ti wọ ẹgbẹ́ àwọn olùbẹ̀rẹ̀ kan lórí fóònù nígbà náà, Faransé là ń sọ níbẹ̀. Ẹnìkan kọ́ wa pé bí géèmù rẹ bá ti dúró, gbé e fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, kí o má ṣàlàyé. Fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ, kí o máa wo ojú rẹ̀. Ìmọ̀ràn yẹn dára jù lọ nínú gbogbo ohun tí mo rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́, òun náà ló sì dá wàhálà sílẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni, ní ṣọ́ọ̀bù. Ìyá mi wọ awò ojú rẹ̀, ó gba fóònù tí mo ti gbé géèmù náà sí lọ́wọ́ mi. Mo fọwọ́ bo ẹnu. Kò pẹ́ tó fi mọ̀ ọ́n. Ó fi ìka darí àpótí onígèlè yẹn lọ bá ọmọ tó wà lẹ́bàá kànga, ọmọ náà sáré wọlé. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó lọ bá èyí tó wà lábẹ́ igi máńgòrò, ìyẹn náà wọlé. Nígbà náà lójú rẹ̀ gòkè lọ sí igun, níbi tí nọ́ńbà wà. Ó wò ó. Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. Ó da fóònù dojú bolẹ̀ lórí tábìlì ọjà, ó dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í to páálí búùjì tó ti tò láàárọ̀.

Mo ṣí ọwọ́ lẹ́nu. "Màámi, ṣé kò dùn ni?"

"Ó dára."

Irú ó dára tí wọ́n ń sọ fún oníbàárà tó bá dá iye tí kò ṣeé gbọ́ sétí ni. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n kí ló ṣẹlẹ̀? Mi ò rí i. Mo bi ẹgbẹ́ orí fóònù. Wọ́n ní bí eré bá sú ẹni tó ń ṣe é, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kò rí i kedere bí òun ṣe ń ṣe dáadáa tó ni. Mo ní lóòótọ́, ojú ìyá mi kò ríran dáadáa mọ́. Mo bá sọ nọ́ńbà náà di ńlá. Mo kùn ún ní àwọ̀ ọsàn. Mo fi agogo kékeré sí i, tó ń dún bí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá ti wọlé tí nọ́ńbà bá lọ sókè. Ó wá rẹwà débi pé mo ń yọ̀ fún ara mi.

Mo tún gbé e fún un. Ọmọ àkọ́kọ́ wọlé, agogo dún, nọ́ńbà ńlá yọ ojú. Kò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ọmọ kejì.

"Gbé nǹkan yìí kúrò níwájú mi," ló wí.

Inú bí mi. Mo sọ ọ́ ní gbangba pé inú bí mi, mo ní iṣẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀sẹ̀ nìyí, ó kéré tán kí wọ́n sọ ohun tó burú nínú rẹ̀ fún mi. Oníbàárà kan wọlé wá béèrè ṣéènì, ìyá mi sì dá a lóhùn ní Mina, èdè ọjà Lomé, pẹ̀lú ẹ̀rín, bí ẹni pé èmi kò sí níbẹ̀. Àjíǹde ti ń kan ilẹ̀kùn. Mo ń rìn kiri Gbossimé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn bí ẹni tó sọ nǹkan nù tí kò mọ ohun tó sọ nù. Mo ti ń fi ojú inú rí ara mi nídìí páálí búùjì títí ọjọ́ alẹ́ mi, mi ò sì mọ ẹ̀ṣẹ̀ tó gbé mi débẹ̀.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà ni mo sin ín lọ sí ilé ìwòsàn nítorí orúnkún rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó gbà wá, ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ kan, ń bi í ní ìbéèrè lóríṣiríṣi. Ọjọ́ orí. Iṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìyá mi ń dáhùn.

"Combien d'enfants, maman?"

Ìyá mi dákẹ́. Nọ́ọ̀sì rò pé kò gbọ́ Faransé, ó fi Mina tún un béèrè pé ọmọ mélòó. Ìyá mi, tó jẹ́ pé bó bá wo inú àpò búùjì lásán, á ti sọ iye tó kù níbẹ̀ fún ọ, wo ojú fèrèsé.

"Ọlọ́run ṣe é," ló fi Yorùbá wí.

Nọ́ọ̀sì yíjú sí mi. Mo la ẹnu láti dá a lóhùn. Iye méjì ló wà lẹ́nu mi, èyí tí ẹ̀gbọ́n mi wà nínú rẹ̀ àti èyí tí kò sí nínú rẹ̀, mi ò sì mọ èyí tí n ó sọ. Nọ́ọ̀sì náà wo àwa méjèèjì, ó sì kọjá sí ìbéèrè mìíràn.

A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ta ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀? Láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n. Bí àlejò bá wọ ilé wa tó ń nàka sí wa níkọ̀ọ̀kan pé ọ̀kan, èjì, ìyá mi á ní kí á lọ ṣeré lẹ́yìn ilé. Síbẹ̀ mo gbé nọ́ńbà sí igun òkè, mo kùn ún, mo so agogo mọ́ ọn. Kò wá sí mi lọ́kàn pé kíkà ni, nítorí ẹ̀rọ ló ń kà á, èmi kọ́. Mo ti tẹ̀lé fídíò títí mo fi gbàgbé ilé tí mo ti jáde. Ojú tì mí títí a fi délé, ọkàn mi sì fúyẹ́ díẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé mo ti mọ ohun tí n ó tún ṣe.

Mo pa nọ́ńbà náà rẹ́, ni géèmù náà bá kú. Kì í ṣe pé ó dákú, ó ń rìn, ṣùgbọ́n bí gbogbo ọmọ bá wọlé, kò mọ̀ pé wọ́n ti wọlé. Nọ́ńbà yẹn ni fídíò fi sọ fún un pé eré ti parí. Ó tún rú mi lójú pátápátá. Mo gun zem lọ sí Zanguéra lẹ́yìn ìlú lọ bá Prof. Nínú ọgbà rẹ̀ ni mo bá a, láàárín ẹ̀gẹ́, ilé tó ń kọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀ láìní òrùlé.

Mo ṣàlàyé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Grand-mère tèmi náà, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ò gbọdọ̀ ka ọmọ níwájú rẹ̀. Fi nọ́ńbà náà pamọ́, c'est tout, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ á máa kà á nínú, ẹnikẹ́ni ò ní rí i."

"Kíkà ìkọ̀kọ̀ náà, kíkà kọ́?"

Ó ronú sí i. "Báwo wá ni màmá yín ṣe ń mọ̀ nígbà tẹ́ ẹ kéré pé gbogbo yín ti wọlé, bí kò bá kà yín?"

"Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí," mo wí. "Ẹní ni wọ́n ń wò. Kálukú wa ló ní àyè tirẹ̀ lórí ẹní. Bí àyè ẹnìkan bá ṣófo, wọ́n ti mọ ẹni tó kù nìyẹn."

Prof fi ọkọ́ lélẹ̀. Ó ní kí n tún ọ̀rọ̀ ẹní yẹn sọ. Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé fún mi pé ẹ̀rọ mọ nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí nọ́ńbà. Ó lè di bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ mú, kò sì ní ju ìyẹn lọ. Kí n fún àyè kọ̀ọ̀kan lórí ẹní ní ìbéèrè tirẹ̀: ẹni tó ni ọ́, ṣé ó ti dé? Ó ní ó wà nínú ìwé ìlò. Mo ní ìwé wo? Ó ní ti sọ́fítíwíà kékeré náà, tí mo ń sá fún bí mo ti sá fún ti ńlá.

Mo lọ ṣí i. Mo ka ojú ewé náà lẹ́ẹ̀kan, kò yé mi. Mo fi ìka tẹ̀ lé e, mo sọ ọ́ di Yorùbá fún ara mi bí mo ṣe ń kà á lọ, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yé mi. Àwọn tó kọ ọ́ kò rẹ́rìn-ín, wọn ò sì sọ pé ó rọrùn. Wọ́n kàn sọ bó ṣe rí. Mo fẹ́ràn wọn lójijì. Mo tẹ́ ẹní sínú ilé inú géèmù, mo fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀, mo sì ṣètò pé bí gbogbo àyè bá ti rí ẹni tó ni ín, kí ilẹ̀kùn tì, kí òjò rọ̀, kí eré parí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú Àjíǹde, mo tún gbé fóònù fún ìyá mi. Kò fẹ́ gbà á. Mo kúnlẹ̀, ó sì gbà á. Mo fọwọ́ bo ẹnu.

Ojú rẹ̀ lọ sí igun lákọ̀ọ́kọ́. Kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọmọ. Bí ọ̀kan bá wọlé, á lọ tààrà sí àyè rẹ̀ lórí ẹní, á dùbúlẹ̀. Ìyá mi ń wo ẹní náà, ẹ̀rín rẹ̀ sì padà wá. "Èyí tó ń yí kiri yìí, ìwọ nìyẹn," ló wí. "O ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn." Ó ń bá wọn sọ̀rọ̀, ó ní kí èyí tó wà lórí odi sọ̀kalẹ̀, kó má ṣubú. Ó kó wọn wọlé tán. Ilẹ̀kùn tì. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sórí páànù wa tó wà nínú fóònù.

Ó tẹ ilẹ̀kùn náà lójú fóònù. Ó tún un tẹ̀.

"Ta ló ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn?"

"Òjò ti dé, Màámi. Gbogbo wọn ti wọlé."

"Gbogbo ta ni?"

Ìgbà náà ni mo tó rí i pé mo ti ya gbogbo wa sórí ẹní yẹn, àwa tí a wà nílé, láìfi àyè kankan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níbi tí ẹ̀gbọ́n mi máa ń sùn sí. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ibi tí ẹní mọ ni mo ya ọmọ mọ.

"Ṣí i," ìyá mi wí.

"Màámi, bí kò bá tì, eré náà ò ní parí. Géèmù gbọ́dọ̀ parí."

"Mo ní kí o ṣí i."

Mo gbé kọ̀ǹpútà wá síwájú rẹ̀. Mo mú búlọ́ọ̀kù tó ń ti ilẹ̀kùn kúrò. Mo fa ẹní náà gùn, mo fi àyè kan sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, mi ò sì fi ẹni tó ni ín síbì kankan nínú àgbàlá, nítorí mi ò mọ ibi tí n bá fi í sí. Ìyá mi jókòó tì mí. Nígbà tí mo parí, mo gbé e sórí fóònù, ó sì tún kó àwọn ọmọ wọlé. Òjò rọ̀. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Àpótí onígèlè yẹn dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò sí nǹkan kan tó tún ṣẹlẹ̀. Ìyá mi ń wò ó fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà ó dá fóònù padà fún mi, ó lọ gbé ìrẹsì kaná.

Mo fi í ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ orí fóònù. Wọ́n ní àṣìṣe wà nínú rẹ̀, pé eré náà kì í parí, ẹni tó ń ṣe é ò ní mọ̀ bóyá òun yege. Mi ò bá wọn jiyàn. Èmi náà ò mọ̀ bóyá mo yege.

A ṣe Àjíǹde, a kọrin, a jẹun, a gba àlejò. Ìyá mi ò sọ̀rọ̀ nípa ṣọ́ọ̀bù, kò sì sọ̀rọ̀ nípa kọ̀ǹpútà. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ọjà tún ṣí, mo wọ bàtà pẹlẹbẹ, mo wọ aṣọ tí gíríìsì ò ní bà jẹ́, mo jáde sí iwájú ilé. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Níbo lò ń lọ?"

"Ṣọ́ọ̀bù, Màámi."

Ó ń tún ìró rẹ̀ ró. "Nǹkan tó o ṣe yẹn. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá dé, ṣé ẹ̀rọ náà á mọ̀ pé ó ti dé?"

"Rárá, Màámi. Kò lè mọ̀. Èmi ni n ó fi í sí i."

"Ẹlòmíràn ò lè fi í sí i?"

"Kò sí ẹlòmíràn tó mọ ibi tí wọ́n ti ń fi í sí i."

Ó so ìró rẹ̀ le, ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ apá.

"Jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ nígbà náà," ló wí, ó sì tiro lọ sí etí títì lọ dá zem dúró.